Oòrùn Inú Báàfù

Ìyá mi ò wojú mi lọ́jọ́ tí mo fi Kétu sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi bó ṣe yẹ kí abiyamọ súre fún ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde, tí mo fẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin kí n tó wọ mọ́tò, ńṣe ló yí ojú sápá kan, bíi pé ògiri ilé aládùúgbò wa ló ń wò. Mo dúró bóyá yóò yí i padà. Kò yí i padà. Awakọ̀ ti ń kígbe pé kí n wọlé, mo sì wọlé.

Mo mọ ohun tó fà á, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ń dirun nígbà kan. Kò sí onídìrí tó tó o ládùúgbò wa. Àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà a máa ti ìlú Ìpòbẹ́ wá jókòó sáàárín orókún rẹ̀. Lọ́dún kan ló ṣàdédé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní ọwọ́ ń dun òun. Ọwọ́ tó ní ó ń dun òun yìí náà ló fi ń gúnyán. Òun náà ló fi ń fọṣọ. Bàbá mi ti kú, ó wá di pé ọwọ́ àwọn ará ilé la ń wò kí a tó jẹun. Nígbà tí ó sú mi, mo ní mò ń lọ sí Èkó. Ó ku ọ̀la kí n lọ, ó ń bá mi di ẹrù, ó ń táràrà lórí okùn kan ṣoṣo bí ẹni tí kò fẹ́ ṣe é tán, ni mo bá la ẹnu mi, mo ní, "Bí kì í bá ṣe ọ̀lẹ tẹ́ ẹ ya, kí ni mo fẹ́ wá lọ sí Èkó?" Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Ó di okùn náà tán, ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Ohun tí mo gbé kúrò nílé lọ́jọ́ náà ni báàgì kan àti ojú tí ìyá mi gbé sápá kan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bi ara mi ní ìbéèrè kan náà: ṣé ìyá mi á dárí jì mí?

Kétu tí mò ń wí yìí kì í ṣe Kétu tó wà l'Ékòó o. Mo gbọ́dọ̀ là á, torí pé ní ọdún kìíní mi ní Ìsọlọ̀, àlàyé yìí ni mo fi ẹnu ṣe títí ó fi rẹ̀ mí. "Níbo lo ti wá?" Kétu. "Áà, ẹ̀bá Máìlì Tuẹ́lì, mo mọ ibẹ̀ dáadáa!" Rárá o, Kétu Alákétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣebí Àgànyìn ni ẹ́ nígbà yẹn." Bí mo ṣe di Àgànyìn nìyẹn. Èmi tí wọ́n ń ka ìlú mi mọ́ ìlú àwọn ọmọ Odùduwà, ọmọ Ìwó kan tí a jọ ń kó ike níbi iṣẹ́ ló ń pè mí ní Àgànyìn, tó tún ń bi mí bóyá mo lè bá òun se ẹ̀wà. Inú bí mi débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo bú u. Nígbà tí mo bú u tán ni mo tó rí i pé èdè tí mo fi bú u, èdè tirẹ̀ náà ni, ó sì yé e látòkè délẹ̀.

Òṣòdì ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Èrò tí mo rí lábẹ́ afárá ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ju gbogbo èrò tí mo ti rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi lọ. Nílé wa, bí ọmọdé bá kọjá lára àgbà tí kò kí i, ẹjọ́ á ti délé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Torí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà, mò ń tẹ orókún láàárín èrò. Wọ́n á tó ogún ènìyàn tí mo kí. Ẹyọ obìnrin kan ló dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kí lò ń tà?"

Ará ilé wa kan ló mú mi dé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọmọrí ike ní Ìsọlọ̀. Ọ̀gá kan na fọ́ọ̀mù sí mi pé kí n kọ orúkọ mi àti ọjọ́ orí mi sí i. Mo yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi tí mo ṣe ipò kejì ní kíláàsì wa, tí mò ń ka Faransé geerege, mo di púrúǹtù láàárín ọ̀sán kan. Ọ̀gá náà rò pé n kò dé ilé ìwé rí ni, ó gbé íńkì wá kí n tẹ àtàǹpàkò. Mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe yára tẹ̀ ẹ́ ló bà mí lẹ́rù jù. N kò tilẹ̀ bá a jiyàn.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le. Gbogbo ilé á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta á máa bá ara wọn ja lórí òrùlé wa, èmi nìkan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Kì í ṣe pé ebi ń pa mí, kì í sì í ṣe pé ara mi kò dá. Ohun tó ń ṣe mí ni pé bí mo bá ṣubú síbẹ̀ nígbà náà, kò sí ẹni tó máa pe orúkọ mi. Wọ́n á kàn ní Àgànyìn yàrá ìsàlẹ̀ ni.

Mo máa ń pe ìyá mi ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Á bi mí bóyá mo ti jẹun, á bi mí bóyá òjò ń rọ̀, á ní kí n máa tọ́jú ara mi. Nígbà kan mo ki àyà bọ ọ̀rọ̀ náà, mo ní, "Ìyá, ṣé inú ń bí yín sí mi?"

"Inú ń bí mi nítorí kí ni?"

Ìdáhùn tí mo gbà nìyẹn, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí inú ń bí gan-an ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí n kò ṣe padà sílé nìyẹn o, ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́fà. Ọ̀nà náà kò jìn. Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìsọlọ̀ láàárọ̀, yóò jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Kétu. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wojú mi nígbà tí mò ń lọ, kí ni mo fẹ́ padà lọ wò lójú rẹ̀? Orí kunkun mi nìyẹn, n kò ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe ẹkún ni gbogbo rẹ̀ o. Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá àgbàlagbà kan dá mi dúró ní Òṣòdì, ó ní òun fẹ́ lọ sí Jakande Estate ti Ìsọlọ̀, òun ò mọ ibi tí òun á ti wọ ọkọ̀. Mo na ọwọ́ sí ibẹ̀. Mo sọ ibi tó máa sọ̀, mo sọ pé kó wọ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, mo tún kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé e yípo. Ó dúpẹ́, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Bàbá yẹn kò bi mí níbi tí mo ti wá.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti pàdé ọkọ mi, ọmọ Ìkirè, wẹ́dà tí wọ́n máa ń pè wá tún ẹ̀rọ wa ṣe. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, àfi bí ọ̀rọ̀ bá kan irin, nígbà náà ni kò ní gbọ́ ti ẹnìkan. Lọ́jọ́ ìdána wa, àbúrò ìyá mi ló wá. Ìyá mi ní ara òun kò le. Mo ní kò burú. Nígbà tí mo bí Tọ́lání, mo ya àwòrán rẹ̀ lóríṣiríṣi, mo fi rán obìnrin kan tó máa ń kó ọjà lọ sí Kétu. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo pe ìyá mi, mo ní, "Ìyá, ẹ ti rí ọmọ yín. Ta ló jọ?"

Ó ní, "Ọmọ ò jọ ẹnìkankan. Ara rẹ̀ ló jọ."

Mo pa fóònù, mo sunkún títí ọkọ mi fi wọlé. Ó ní, "Màmá kàn lè máa ṣeré ni."

Mo ní, "Ẹ ò mọ ìyá mi, Bàbá Tọ́lání. Kì í ṣeré."

Ọmọ yẹn náà ló sọ mí di ènìyàn ní Ìsọlọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a kó o jáde tí Àgànyìn fi parẹ́ lẹ́nu wọn. Ìyá Tọ́lání síwájú, Ìyá Tọ́lání sẹ́yìn. Onírú, onífóònù, àwọn oníkẹ̀kẹ́, gbogbo wọn. Inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́. Síbẹ̀, nígbà mìíràn tí mo bá gbọ́ orúkọ náà lẹ́yìn mi, mo máa ń ronú pé ọmọ ló fún mi ní orúkọ níbí, ìyá mi tó fún mi ní ti tẹ́lẹ̀ kò sì fẹ́ fi ojú kàn mí.

Tọ́lání ti di ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí rédíò kéde pé òṣùpá máa bo apá kan oòrùn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ilé wa gbóná. Àwọn kan ní ayé ti parí, kí oníkálukú lọ tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe. Àwọn kan ní irọ́ ìjọba ni. Nínú gbogbo wa, ẹni mẹ́ta ló sọ pé àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó: ọkọ mi, Àǹtí Tíṣà, àti èmi.

Ọkọ mi kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wẹ́dà tí mo mọ̀ ní Ìsọlọ̀, ìbòjú gidi tó yẹ kó fi máa jó irin ti fọ́ tipẹ́. Awò dúdú lásán, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe fáàrí, ló ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ó gbé e jáde, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. "Iná tí mò ń wò lójoojúmọ́, ṣé oòrùn le jù ú lọ ni? Ẹ̀yin ẹ tò sílà. Oníkálukú á wò ó díẹ̀díẹ̀."

Àwọn ará ilé ti fẹ́ tò lóòótọ́. Àǹtí Tíṣà ló jáde láti yàrá òdìkejì. Ọmọ Èkìtì ni, sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ló sì kọ́ mi bí mo ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì, lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́yìn ilé.

"Bàbá Tọ́lání, plíìsì, ẹ gbé awò yẹn kúrò níbẹ̀," ló wí. "Ojú yín tó máa ń pọ́n bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, tẹ́ ẹ máa ń ní kí Ìyá Tọ́lání fi mílíìkì kán sí, kí lẹ rò pé ó ń ṣe é?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti awò rẹ̀ bọ àpò.

Àǹtí Tíṣà fi páálí bisikíìtì hàn wá. Ó ti lẹ bébà fàdákà mọ́ ojú kan, ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò tín-ń-tín sí i, ó lẹ bébà funfun mọ́ ojú kejì. Ó ní ẹ̀yìn la máa kọ sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ á gba ihò yẹn wọlé, àwa á máa wo àwòrán oòrùn lórí bébà. "Ẹ má fi ojú lásán wò ó, ẹ má wò ó nínú jígí, ẹ má wò ó nínú omi. Inú ojú lọ́hùn-ún kì í mọ ìrora. Ó lè jóná tán kó má dùn yín rárá, ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó mọ̀."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín sínú. Kí n kọ ẹ̀yìn sí ohun tí mo fẹ́ wò? Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kétu, èyí tó le ju ti Ìsọlọ̀ yìí lọ fíìfíì. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú láàárọ̀, àwọn adìyẹ wọlé. Àwọn àgbà wa ní àgbà méjì ló ń jà lókè, ẹni tó bá sì wo ìjà àgbà lójú korokoro á jìyà. Inú omi la ti ń yọjú wò ó. Nílé ìwé, wọ́n pín awò onípáálí fún wa, ẹyọ kan fún ilé kan. Ìyá mi ní kí èmi wọ̀ ọ́. Òun gbé báàfù omi sí àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ kan mú èjìká mi. "Ṣé ò ń rí i? Wò ó dáadáa o." Bí ẹ bá bi mí ní àárọ̀ tó dùn jù nígbà èwe mi, àárọ̀ yẹn ni mo máa sọ.

Torí náà, nígbà tí ọjọ́ náà pé, n kò dúró de páálí ẹnìkan. Ọ̀sán ni mo máa lọ síbi iṣẹ́, ọkọ mi náà sì wà nílé. Àǹtí Tíṣà ṣì ń wẹ̀. Mo pọn omi kún báàfù ńlá tí a fi ń fọṣọ, mo gbé e sí àárín àgbàlá. Ojú ọjọ́ mọ́, kò tilẹ̀ sí òkùnkùn kankan bíi ti Kétu. Bí rédíò kò bá sọ, a kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Oòrùn ti ń dán nínú omi. Mo ní kí Tọ́lání wá. Ó fẹ́ sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo ní kó dúró díẹ̀ ná, kí a pe màmá àgbà, kó lè gbọ́ ẹ̀rín wa. Mo fẹ́ kó rántí àárọ̀ tiwa yẹn. Bóyá á jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀ sí mi. Mo pè é lórí fóònù, mo tan ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run?"

"Wọ́n sọ fún mi. Mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi."

"Ẹ ti ilẹ̀kùn kẹ̀? Tọ́lání fẹ́ wò ó o. Mo ti bomi sí báàfù fún un, bí ẹ ṣe ṣe nígbà yẹn."

Mo rò pé ìlà ti já.

"Da omi yẹn nù!"

N kò tíì gbọ́ igbe lẹ́nu ìyá mi láyé mi. Nígbà tí bàbá mi kú pàápàá, kò kígbe. Mo ní, "Ìyá, kí ló—"

"Mo ní da omi yẹn nù! Fa ọmọ náà sẹ́yìn! Di ojú ẹ̀! Ṣé ó ti wò ó? Dá mi lóhùn, ṣé ó ti wò ó?"

Ọkọ mi ti já Tọ́lání gbà, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀. Èmi fi ẹsẹ̀ ta báàfù náà dànù. Omi ṣàn kárí àgbàlá, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọlé, ọmọ bú sẹ́kún, àwọn ará ilé tú jáde. Àǹtí Tíṣà sáré ti balùwẹ̀ dé pẹ̀lú ọṣẹ ní ọrùn. Ó wo báàfù, ó wò mí.

"Ó ti wò ó bí?" ni òun náà bi mí.

"Rárá," mo ní. Mo gbé fóònù sẹ́nu. "Rárá, Ìyá, kò tíì wò ó. Mo ti dà á nù."

Mo gbọ́ tí ìyá mi mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Mo pa ohùn tó wà níta, mo gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ohun tó jẹ mí kò gbọdọ̀ jẹ ọmọ ọmọ mi."

"Kí ló jẹ yín?"

"Omi yẹn kò dùn mí lójú rárá. Mò ń wò ó, mò ń wò ó. Nígbà tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo rò pé oòrùn ti kú, ni mo bá gbé ojú sókè wò ó fúnra rẹ̀. Ìwọ ò mọ̀, awò wà lójú ẹ, ò ń pariwo. Nígbà tílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, àárín gbogbo nǹkan ti ṣókùnkùn. O kúnlẹ̀ kí mi, mo wò ọ́. Etí ẹ ni mo rí. N kò rí ojú ẹ."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá fóònù mọ́ etí.

"N kò fọ́jú o," ló wí, bíi pé èmi ló yẹ kí wọ́n pẹ̀tù sí lọ́kàn. "Mò ń rí ẹ̀gbẹ́. Mò ń rí ọ̀nà, mò ń rí odó. Ìlà irun ni mi ò lè là mọ́. Bí mo bá sì fẹ́ rí ènìyàn, àfi kí n yí ojú sápá kan, bí adìyẹ, kí n tó rí i díẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi kò wo ògiri kankan lọ́jọ́ tí mo fi Kétu sílẹ̀. Èmi ló ń wò. Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi kó lè rí mi, bẹ́ẹ̀ èmi ti wọ mọ́tò, mo ti gbé e sọ́kàn, mo ti fi ọdún mẹ́fà bínú sí i. Mo rántí okùn ẹrù tó ń táràrà lé lórí. Mo rántí ohun tí mo sọ. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

"Ìyá, mo pè yín lọ́lẹ."

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá pé awò tó wà lójú ẹ̀ ni ì bá wà lójú mi? O ò ní jẹun mọ́." Ó fọn imú. "Nígbà tó o fẹ́ máa lọ, mo rò ó wò. Mo ní kó pè mí lọ́lẹ kó máa lọ, ó sàn. Ẹni tó ń bínú sí ìyá ẹ̀ lè rìn. Ẹni tó ń káàánú ìyá ẹ̀ ò ní lè kúrò nílé."

"Ẹ ti dárí jì mí bí?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo ni mo bínú?"

Oṣù tó tẹ̀lé e ni mo lọ mú un wá sí Ìsọlọ̀. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́, ó ní ọgbẹ́ náà ti jinná tipẹ́, àpá rẹ̀ kò sì ní kúrò. Kò sí awò tó máa ràn án, kò sí oògùn. Mo ti mọ̀ pé ohun tó máa sọ nìyẹn, síbẹ̀ ńṣe ni mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ti àárọ̀ yẹn. Láti ibi tí mo jókòó, mo rí i tí Àǹtí Tíṣà kó gbogbo wọn wá sí ẹ̀yìn ilé, ó gbé Tọ́lání dúró, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí oòrùn, ó gbé páálí lé e lọ́wọ́. Ẹkún rẹ̀ dá. "Mo rí i!" ló ń pariwo, "Bàbá mi, ẹnìkan ti gé e jẹ!" Ọkọ mi náà kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, wẹ́dà tí kì í gbọ́ràn, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ ó ń yọjú sórí bébà. Ẹnìkan gbé asẹ́ ìrẹsì jáde, gbogbo ihò asẹ́ sì gbé oòrùn kékeré tí wọ́n ti gé jẹ sórí ilẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ewé fúrúùtù kọjá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sára mi náà, àwọn oòrùn kékeré náà pọ̀ lọ súà lórí ìró mi.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?" ni ìyá mi bi mí. "Mò ń gbọ́ ẹ̀rín."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti páálí, mo sọ ti asẹ́, mo sọ ti ewé. Ó ń rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ ṣì dí.

"Tọ́lání ńkọ́?" ló ní. "Báwo ni ojú ẹ̀ ṣe rí? Àwòrán tó o fi ránṣẹ́, mo yí i títí, mo yí i títí."

Mo ní iwájú orí rẹ̀ yọ bíi ti bàbá rẹ̀. Mo ní ẹyinjú rẹ̀ funfun, ó ní àmì dúdú kékeré kan lábẹ́ ètè, ihò kan ń wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ bó bá ń rẹ́rìn-ín, kò sí ní ti ọ̀tún. Ó ní, "Ti ìyá mi nìyẹn. Òsì náà ni tiẹ̀." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀, Ìyá?"

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlá lo wà nígbà tí mo rí ojú ẹ kẹ́yìn."

Mo gbé ọwọ́ lé ojú ara mi bíi ti ẹlòmíràn. Mo pe Tọ́lání pé kó mú jígí mi wá láti inú yàrá, ó sáré gbé e wá, ó sáré padà sídìí páálí rẹ̀. Mo gbé jígí náà lé orókún. Mo ní, "Mo ti sanra díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún. Mo ní àpá kan lágbọ̀n, ike gbígbóná ló ta sí mi lára ní ọdún kejì tí mo débí, n kò sọ fún yín." Mo nu jígí náà mọ́ ìró mi.

"Mò ń gbọ́," ni ìyá mi wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí. Rọra máa sọ ọ́, má fo ibì kankan."